Bí Ọwọ́-Òwú Ṣe Kọ́ Ọwọ́ Rẹ̀ Lẹ́kọ̀ọ́ Kejì

Iṣẹ́ gíláàsì ní òfin kan tí ẹni tí kò ṣe é rí kì í fẹ́ gbà gbọ́: bí gíláàsì bá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ, má ṣe gbá a mú. Ẹni tó gbé àwo, bí àwo bá fẹ́ já, á sáré fi ọwọ́ kejì hán an. Ẹni tó gbé ẹyin náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó ga bí ilẹ̀kùn, tó wúwo bí àgbò, tó sì mú bí abẹ, ẹni tó bá ní òun fẹ́ hán an, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi jìyà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbé e, bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Tú ọwọ́ sílẹ̀, fò sẹ́yìn, jẹ́ kó fọ́. Wọ́n ní gíláàsì ń bẹ lọ́jà, ọwọ́ ò sí lọ́jà.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ gan-an tún ni àrà. Ọ̀gá á ní kí o gbé pákó pẹlẹbẹ kan dání, kí o dúró. Ìwọ á dúró. Òun á máa bá ọ tàkúrọ̀sọ, á rìn gba ẹ̀yìn rẹ bí ẹni tó ń lọ mu omi. Kí o tó mí, agolo ìṣó tó kún dẹ́múdẹ́mú ti já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ, gbàràgàdà! Bí o bá ṣì di pákó náà mú, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó tún un ṣe. Bí o bá wẹ̀yìn, ẹ ó tún un ṣe. Ẹ ó máa tún un ṣe títí di ọjọ́ tí agolo á dún, tí ọwọ́ á ti tú, tí ẹsẹ̀ á ti fò, kí orí tó béèrè pé kí ló dé. Ọjọ́ náà lo di onígíláàsì.

Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí mọ ẹ̀kọ́ náà ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Ọwọ́-Òwú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bó bá gbé gíláàsì kalẹ̀, etí ò ní gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n jọ máa ń gbé e, tí ọ̀kan bá di iwájú mú tí èkejì di ẹ̀yìn, ni àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Rọra, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́nu dídùn níbi iṣẹ́ ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin náà, "Rọra" ló fi dáhùn. Òun ló fi agolo ìṣó kọ́ Ọwọ́-Òwú níṣẹ́.

Ìyàwó Ọwọ́-Òwú ń rán aṣọ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́. Ó lóyún, ó sì bí obìnrin. Inú bàbá ọmọ dùn débi pé ó wọ bàtà ẹsẹ̀ òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ bí ọba. Nọ́ọ̀sì gbé ìkókó náà, ó ní, "Bàbá tuntun, ó yá, ẹ gba ẹrù yín." Ọwọ́-Òwú bẹ̀rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ìgbà náà gan-an ni ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbá àwo irin kan kúrò lórí kẹ̀kẹ́ oògùn lẹ́yìn rẹ̀. Gbàràgàdà!

Ọwọ́ tú. Ẹsẹ̀ fò.

Ọmọ náà ò rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀dì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kò sì tíì kúrò lábẹ́ orí rẹ̀. Kò tiẹ̀ jí. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Hà, bàbá! Àwo ló já o, kì í ṣe òrùlé." Ìyá ìyàwó tún orí ọmọ náà ṣe, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbàgbé. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ajá rẹ̀ bu àlejò jẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò gbé ọmọ mọ́.

Kì í ṣe pé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní eruku gíláàsì wà lọ́wọ́ òun. Ó wẹ ọwọ́, ó ní ikọ́ ń ṣe òun. Ikọ́ lọ, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Iṣẹ́ ilé yòókù pátá ló sì ń ṣe: ó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ, ó ń se omi gbígbóná, ó ń nu ilẹ̀ débi pé eṣinṣin tó bá bà síbẹ̀ á yọ̀ ṣubú. Àmọ́ bó bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, àwòrán kan á là lójú rẹ̀: ọmọ ń bọ́, ọmọ dé ilẹ̀, ilẹ̀ tí òun fọwọ́ ara òun nù. Á yára gba ibòmíràn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ti ọkùnrin yìí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ ara rẹ̀ lejò tó ń sá fún.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá máa fà lọ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé ìsinmi ìyàwó rẹ̀ fẹ́ parí. Wọ́n ti ṣètò ẹ̀ láti ìgbà oyún. Ìyàwó á máa lọ síṣẹ́ láàárọ̀, ọkọ á máa lọ lọ́sàn-án, ẹni tó bá wà nílé ló máa tọ́jú ọmọ. Ètò tó dáa ni, bí bàbá bá lè gbé ọmọ. Ìyá ìyàwó, tó wá bá wọn tọ́jú ọmọ, ò sì fọ́jú. Nígbà tí wọ́n ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Àna mi, mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá ẹ̀ kì í gbé, a ò lè fi sílẹ̀ fún bàbá ẹ̀. Mọ́ńdè tí ìyàwó yín bá máa padà síṣẹ́, mo ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ mi. Bó bá ti ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, ẹ ó wá gbà á."

Ọwọ́-Òwú dìde, ó kó àwo lọ fọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró kí ìyá ẹ̀ wọlé lọ sùn.

"Bàbá Ọmọ, ẹ sọ fún mi. Ṣé torí pé obìnrin ni?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Ṣé torí pé ó jọ màmá mi ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu, torí pé omi ti kún ojú obìnrin náà. Ó ní, "Mo rò pé a jọ bí i ni. Àfi bíi pé èmi nìkan ni mo bímọ. Èmi ni mò ń jí, èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, èmi ni mò ń sunkún nílé ìwẹ̀ kí ẹ má bàa gbọ́." Ọkọ rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó dá a padà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu, tí yóò sọ fún ìyá ọmọ pé, "Ọwọ́ mi lè tún sọ ọmọ rẹ sílẹ̀"?

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí wọ́n sì ti ń gún wọn lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì kan wà tí kì í gún ẹnikẹ́ni. Inú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìwọ̀n ló ń jókòó sí. Aboyún, abiyamọ, àti ọkọ tó bá gbà láti jókòó, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbọ́ ohun tó wà nínú wọn. Bí òbí bá ti ròyìn tán pé ọmọ ń jẹun, ọmọ ń sùn, ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, òun á fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, á ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yin-Ńkọ́ ni gbogbo wọn wá ń pè é.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, Ọwọ́-Òwú tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ. Òun ló gbé báàgì. Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yin-Ńkọ́ bi ìyàwó. Ìyàwó ní, "A dúpẹ́," ó sì bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì náà ò sọ pé kó dákẹ́. Ó jẹ́ kó sun ún tán, ó bi í bóyá ó ń rí oorun sùn, ta ló ń bá a di ọmọ mú. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ọkọ.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Kò sí wàhálà, mà." Fèrèsé ló ń wò. Ẹni tó fi gíláàsì ibẹ̀ sí i ò mọṣẹ́. Ó ti sán ní igun.

"Ó dáa. Ilẹ̀kùn mi ò ní kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n jáde. Wọ́n dé ẹnu géètì. Ọwọ́-Òwú dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀ níwájú, tó gbé ọmọ kọ́ èjìká kan, tí èjìká kejì sì ti wọ́ bí aṣọ tí wọ́n so kọ́. Ó gbé báàgì kalẹ̀.

"Dúró dè mí níbí."

"Kí lẹ gbàgbé?"

"Mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe," ó ní, ó sì padà wọlé.

Kò jókòó. Ó sọ̀rọ̀ sí fèrèsé. "Ọwọ́ mi ni, mà. Wọ́n máa ń tú sílẹ̀." Ó sọ ti àwo irin, ó sọ ti àwòrán tó ń là lójú rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yin-Ńkọ́ ní, "Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú. Ṣé ó ń wù yín láti ṣe ọmọ yìí ní jàǹbá?"

Ọkùnrin náà gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀! Èmi? Bó bá wù mí, ṣé màá máa sá kiri inú ilé ara mi bí olè?"

"Ẹ jókòó. Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe yín, kì í ṣe ìfẹ́ láti ṣe ibi. Àwọn ìyá ti jókòó sórí àga tí ẹ jókòó sí yẹn, tí wọ́n ní àwọn ò lè mú ọ̀bẹ bí ọmọ bá wà nítòsí, torí àwòrán burúkú tó ń wá sí wọn lọ́kàn. Ohun tó kọjá lọ́kàn èèyàn kì í ṣe ohun téèyàn fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń sá fún un ló máa ń lé yín."

"Ọwọ́ mi ṣe é lóòótọ́, mà. Ìyẹn kì í ṣe àwòrán."

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ta ló kọ́ ọwọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

Ó sọ ti Ẹ̀gbọ́n Rọra, ó sọ ti agolo ìṣó. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Ìyẹn ni pé ọwọ́ yín kì í ṣe ọwọ́ burúkú. Ọwọ́ tó kàwé ni! Ẹni tó bá kàwé kan, ṣé kò lè ka òmíràn ni? Ohun méjì ni mo fẹ́. Ẹ sọ fún ìyàwó yín lónìí. Kí ẹ sì jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, níbi tí kò sí ibi tí ọmọ lè já sí, kí ẹ gbé e lójoojúmọ́. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀rù máa lọ. Ẹ gbé e pẹ̀lú ẹ̀rù. Bí ó bá le jù, bí ẹ ò bá rí oorun sùn, ẹ padà wá, dókítà wà. Ẹ tiẹ̀ jọ padà wá."

Ojú ọ̀nà ló ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà dúró sójú kan débi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi kọ lù wọ́n. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ọkọ rẹ̀ léjìká. "Gbogbo àsìkò yìí! Èmi ti rò pé ẹ fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀!" Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún pọ̀.

Nílé, Ọwọ́-Òwú tẹ́ ẹní. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gba ọmọ. Òógùn bò ó. Àwòrán yẹn là, kò dìde. Ọmọ náà wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé, ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì ya ìgbẹ́ sí i lára. "O ṣeun," ni bàbá rẹ̀ wí. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ẹ̀rù wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Orí ẹní kì í ṣe ilé ìdáná, ọmọ kì í sì í wà lórí ẹní títí ayé. Ó ro ọ̀rọ̀ náà bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ro nǹkan: ohun tí agolo kọ́, agolo ló máa tún un kọ́. Ó ní kí ìyá ìyàwó bá wọn gbé ọmọ jáde lọ gba atẹ́gùn, kí ariwo má ba etí rẹ̀ jẹ́. Òun gbé ìrọ̀rí dání, ó dúró. Ìyàwó rẹ̀ mú ọmọrí ìkòkò, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀.

Gbàràgàdà! Ìrọ̀rí ti dé ilẹ̀.

"Ẹ kú ọmọ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Tún un jù."

Gbàràgàdà! Ilẹ̀. Ó tún un jù, ilẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyàwó padà dé, tó bá ọmọrí ìkòkò tó ti wọ́ bí etí àgbàlagbà, ó ní, "Kí lẹ ń fi ìkòkò ṣe nílé yìí?"

"Ọwọ́ là ń kọ́, Màmá," ọmọ rẹ̀ dáhùn, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyá náà fetí sílẹ̀ títí dópin. Ó wo àna rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ nǹkan kan ju pé, "Ìrọ̀rí kì í ṣe ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n Rọra gbọ́ níbi iṣẹ́, ó sì yọjú sí wọn nílé tòun ti agolo ìṣó gan-an lábẹ́ apá. "Àbúrò, èmi ni mo gbin igi yìí. Èmi náà ni kí n bá ọ gé e." Wọ́n pa ìrọ̀rí tì, wọ́n fi ṣáàlì ọmọ we àpò ìrẹsì kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n Rọra ò wá ju agolo bí ìyàwó ṣe ń ju ọmọrí. Àgbà ni nínú iṣẹ́ náà. Ó béèrè omi, ó mu omi. Ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó bú gólì. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tí ọmọkùnrin yẹn fi gbá a, ṣé o rí..." Gbàràgàdà!

Ìrẹsì já lulẹ̀.

"Rọra," ni Ẹ̀gbọ́n Rọra wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìṣó.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ìrọ̀lẹ́ dé, Ẹ̀gbọ́n Rọra á dé. Ó di ìrọ̀lẹ́ kan, agolo dún, ẹsẹ̀ fò sẹ́yìn, ọwọ́ kan tú, ọwọ́ kan kò tú. Ìrẹsì so rọ̀ sórí apá òsì bí àdán. Wọ́n tún un ṣe. Ó di ìrọ̀lẹ́ mìíràn, agolo dún, ẹsẹ̀ fò, ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ àyà pẹ́kẹ́. Ẹ̀gbọ́n Rọra pàtẹ́wọ́. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" ìyàwó béèrè. Àgbà náà ní, "Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tó bá gbé ọmọ sá fún ewu, kí ló ṣe?"

Àmọ́ Ọwọ́-Òwú mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ò parọ́. Ìrẹsì kì í ṣe ọmọ. Níbi iṣẹ́ sì rèé, ó gbọ́dọ̀ ṣì máa tú u sílẹ̀. Ṣé ọwọ́ kan lè ní ọkàn méjì? Ó bi Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yin-Ńkọ́ nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ padà lọ. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀ nípa gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan náà lèèyàn fi ń rìn tó fi ń jó, kò sì jó lọ síbi òkú ọ̀fọ̀ rí. Ó wá bi ìyàwó, ìyàwó ní òun ti ń sùn díẹ̀, torí pé bàbá ọmọ ti ń gbà á lọ́wọ́ òun lórí ẹní.

Mọ́ńdè dé. Ìyá ìyàwó ti di ẹrù rẹ̀, ẹrù ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń wá bàtà, kò fẹ́ wo ojú báàgì kékeré yẹn. Ọwọ́-Òwú dìde lórí ẹní. Ó lọ síbi tí ọmọ sùn sí, ó sì gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú rẹ̀ láti ọjọ́ àwo irin nìyẹn. Ó rìn kọjá tábìlì, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ilẹ̀ ti le bí òkúta. Ó dúró síbẹ̀.

"Màmá, ẹ má gbé ọmọ mi lọ. Mo bẹ̀ yín. Màá ṣe é."

Màmá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ilé ìdáná, bí ẹni tó fẹ́ kó ife tí wọ́n fi mu tíì. Ìyàwó rí bàtà kan, ó ń wá èkejì.

Gbàràgàdà!

Tíréè irin ló já lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó ń yí, ó ń pariwo, ó dojú bolẹ̀. Ọwọ́-Òwú ti fò. Ẹ̀yìn rẹ̀ lu ògiri, bàtà fò lọ́wọ́ ìyàwó. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó figbe ta, igbe ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àyà bàbá rẹ̀ ló ti ń ké e. Ọwọ́ méjèèjì ti pa mọ́ ọn bí ilẹ̀kùn.

"Ẹ rọra, Bàbá Ọmọ," ni ìyàwó wí, "ẹ má fún un pa."

Ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó mú tíréè. "Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni," ó wí. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ife tó yẹ kó wà lórí tíréè náà wà lórí tábìlì, ẹnì kan ti tò wọ́n jọ tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó fọ́.

Ó sún mọ́ àna rẹ̀. Ó wo ọmọ, ó tún orí rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí náà ò wọ́. Ó ti gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yin-Ńkọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ títí ó fi sú u.

"Àna mi, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ìyá náà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ẹrù tirẹ̀, ó fẹsẹ̀ ti báàgì kékeré náà padà sínú yàrá.

"Kí lo ń wò?" ó jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Iṣẹ́ ò ní dúró dè ọ́. Ọmọ rẹ wà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀."